Bàbá Nílé Nígbà Ọdún

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ àwọn bàbá ìjọ wa ní Adó-Èkìtì, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì. Àwọn tí kò ráàyè wá ń béèrè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti sọ ọ́.

Alága wa, ẹ̀yin àlùfáà Ọlọ́run, ẹ̀yin bàbá ìjọ, ẹ̀yin ìyá tí ẹ wá jókòó tì wá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpàdé àwọn bàbá ni wọ́n pè é, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín. Ọmọ Èkìtì Kété, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ọdún á yabo fún wa. A ò ní wá ẹnikẹ́ni tì nínú ilé wa. Ẹ ṣeun, mo gbọ́ àmín yẹn dáadáa.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdílé, ìgbàgbọ́ àti ọdún Kérésìmesì. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀. Tí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ilẹ̀ á ṣú bá wa síbí. Ohun kan ló gbà mí lọ́kàn jù, òun náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo ènìyàn ló ń bi bàbá pé, "Kí lẹ rà?" Ìyàwó ń bi í, ọmọ ń bi í, àna ń bi í, ojú àwọn aládùúgbò pàápàá ń bi í. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Ọlọ́run bi bàbá àkọ́kọ́ tó dá sáyé, nínú ọgbà Édẹ́nì, ìbéèrè mìíràn ni: "Níbo ni ìwọ wà?"

Níbo ni ìwọ wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn wà lọ́wọ́ yín títí tí mo fi máa sọ̀rọ̀ tán.

Jósẹ́fù, bàbá tí kò sọ̀rọ̀

Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù. Ọdọọdún làwọn ọmọ wa ń fi ìbí Jésù ṣeré ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí á ṣe Màríà, èyí á ṣe áńgẹ́lì, àwọn tó ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn á fi ìborùn ìyá wọn wé orí. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó ṣe Jósẹ́fù, ẹ ti kíyè sí i rí? Ṣe ló máa ń dúró jẹ́ẹ́. Kò ní gbólóhùn kankan láti há sórí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú Bíbélì. Ẹ ka Mátíù, ẹ ka Lúùkù, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ti ẹnu Jósẹ́fù jáde. Màríà sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ kọrin. Sakaráyà sọ̀rọ̀ nígbà tí ahọ́n rẹ̀ tú. Síméónì sọ̀rọ̀ nínú tẹ́ḿpìlì. Hẹ́rọ́dù tó jẹ́ ọ̀tá pàápàá sọ̀rọ̀. Jósẹ́fù kò wí nǹkan kan.

Kí ló wá ṣe? Ó dìde. Áńgẹ́lì bá a sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó dìde, ó mú aya rẹ̀ sọ́dọ̀, ìtìjú kò sì bá obìnrin náà. Wọ́n ní Hẹ́rọ́dù ń wá ọmọ náà láti pa á, Jósẹ́fù dìde ní òru ọjọ́ náà, ó gbé ọmọ, ó mú ìyá ọmọ, ó di Íjíbítì. Kò ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Hẹ́rọ́dù kú, ó tún dìde, ó kó wọn bọ̀ wálé. Bó ṣe ń bọ̀, ó gbọ́ pé Ákéláúsì ọmọ Hẹ́rọ́dù ló gorí oyè ní Jùdíà. Mátíù sọ pé ẹ̀rù bà á láti lọ síbẹ̀. Ó yà sí Gálílì, ó lọ fi Násárétì ṣe ibùgbé.

Ẹ dúró lórí "ẹ̀rù bà á" yẹn díẹ̀. Àwa kan máa ń rò pé bàbá onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù. Bíbélì kò dá Jósẹ́fù lẹ́bi pé ó bẹ̀rù. Ẹ̀rù tó bà á nítorí ọmọ ni Ọlọ́run fi darí rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bọ̀ láti Èkó, tí wọ́n máa gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, kí wọ́n tó já sí Ìtawúrẹ́, kí wọ́n tó wá gba Arámọ̀kọ, Ìgèdè àti Ìyìn wọ Adó, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tètè gbéra láàárọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rìn lóru nítorí pé wọ́n fẹ́ ti ẹnu iṣẹ́ wá tààrà. A kò tíì gbàgbé oṣù January 2024 ní ìpínlẹ̀ wa yìí, nígbà tí wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé ìwé àtàwọn olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùré lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọmọ yẹn padà wálé, a dúpẹ́. Bàbá tó bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé, "Sùn síbi tó o wà, máa bọ̀ lọ́la," iṣẹ́ Jósẹ́fù ló ń ṣe yẹn. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ohun kan ṣì kù tí a kì í sábà wò lára Jósẹ́fù. Ní Lúùkù orí kejì, wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí tẹ́ḿpìlì, wọ́n sì rúbọ. Òfin Mósè ni pé kí obìnrin tó bímọ mú ọ̀dọ́ àgùntàn kan wá, pẹ̀lú ẹyẹ kan. Ṣùgbọ́n bí apá rẹ̀ kò bá ká àgùntàn, kí ó mú àdàbà méjì wá, tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Ẹbọ àwọn aláìní nìyẹn. Kí ni Lúùkù sọ pé Jósẹ́fù àti Màríà rú? Ẹbọ ẹyẹ méjì. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin bàbá tí oorun kò kùn yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí owó adìẹ. Ilé tí wọ́n ti tọ́ Jésù, ilé tí apá kò ká àgùntàn ni. Bàbá ibẹ̀ wà nílé.

Owó ọdún

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí owó. Mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, owó kòkó ló ń ṣọdún ní Èkìtì. Ìgbà tí kòkó ń pọ̀n jù, tí a ń là á, tí a ń sá a sórí ẹní, ó bọ́ sí oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún. Tí wọ́n bá ti wọn kòkó tán, bàbá á san gbèsè tó wà nílẹ̀, á yọ owó ilé ìwé sọ́tọ̀, a ó wá lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Gbogbo ọmọ ilé ló ń wọ aṣọ kan náà. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí ló dé. Owó tó wà la fi ń ṣe é, àwa ọmọ náà sì mọ bí owó náà ṣe wọlé, torí a bá wọn kó o, a bá wọn sá a.

Lónìí, owó oṣù ni ọ̀pọ̀ wa ń retí. Olùkọ́ ni wá, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wá, a ti fẹ̀yìntì à ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ọmọ kì í rí ibi tí owó ti ń wá, kì í sì í mọ ìgbà tó tán. Láti ọjọ́ 29 oṣù May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ẹ̀yin náà mọ ibi tí owó ọkọ̀ gùn dé. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, lítà epo kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó ọkọ̀ ló ń fa owó iṣu, owó iṣu ló ń fa owó gbogbo nǹkan. Síbẹ̀, bàbá kan á lọ yá owó èlé láti fi ra àpò ìrẹsì, kí àwọn ará ilé má bàa mọ̀ pé kò sí. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bàbá wà nílé ní ọjọ́ Kérésì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó yá a lówó. Àwọn ọmọ ń jẹ adìẹ, bàbá wọn kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Níbo ni ìwọ wà?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkẹ́rẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ṣe ohun kan tó wú mi lórí. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù December, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dìde. Ó mú ìwé àti bírò, ó kọ iye tó ń wọlé fún un lóṣooṣù síbẹ̀. Ó kọ owó ilé ìwé oṣù January sí abẹ́ rẹ̀, owó iná, oògùn ìyá rẹ̀ àgbà, àti owó tó fẹ́ kó sínú àjọ. Ó wá gbé ìwé náà lé orí tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún tí a lè ṣe rèé. Báwo ni ká ṣe ṣe é?" Ó ní kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má pa adìẹ méjèèjì tó ń yé lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n ra ẹja, ẹyin ni àwọn yóò fi ṣọdún tuntun. Ọmọ yẹn kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní aṣọ èṣí ṣì bá àwọn mu. Bàbá yìí sọ fún mi pé ọdún yẹn ni òun kọ́kọ́ jókòó jẹun ọdún pẹ̀lú wọn tí òun gbádùn oúnjẹ náà.

Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yẹn bú ẹnikẹ́ni. Bàbá tó bá sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ̀ nípa owó, ó ti fún un ní nǹkan tí ọjà kò ní.

Mo ní láti sọ èyí tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn mí. Ní ọjọ́ 18 oṣù December 2024, ní Bàṣọ̀run ní Ìbàdàn, wọ́n pe àwọn ọmọdé síbi àríyá ọdún nínú ọgbà ilé ìwé kan. Àwọn òbí ti gbé ọmọ wọn débẹ̀ láti òru nítorí oúnjẹ àti ẹ̀bùn. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 kú. Márùnlélọ́gbọ̀n! Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ̀mí tún ṣòfò níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra, ó sì tún ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àbújá. Kì í ṣe àwọn òbí wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ bá wí. Ebi ló lé wọn. Àwa tó fẹ́ fúnni ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ pín ìrẹsì ní ọ̀sẹ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pe èrò jọ. Ẹ má kọ ọ́ sára pátákó. A mọ ara wa ní àdúgbò yìí, a mọ opó tó wà nínú ìjọ, a mọ bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá a nílé lálẹ́, kí ọmọ rẹ̀ rò pé bàbá òun ló gbé e wálé. Iyì bàbá yẹn níwájú ọmọ rẹ̀, ó wà lára ohun tí ẹ ń fi ta á lọ́rẹ.

Odó, àti ẹni tó ń gbọ́ orin láti ilé ìdáná

Ẹ̀yin ìyá, mo rí yín tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní sùúrù, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Èkìtì ni wá, a ò lè ṣọdún ká má gúnyán. Ìrẹsì lè gba ọ̀sán, tó bá di ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà á béèrè iyán wọn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Kérésì ni ìyá ilé ti jí. Ó ń lọ ata, ó ń ṣa ẹ̀fọ́, ó ń dín ẹran, ó ń wẹ ọmọ, ó ń lọ aṣọ bàbá. Tí agogo bá lù, bàbá á gbé agbádá wọ̀, á kó àwọn ọmọ síwájú, á ní, "Ìyá wọn, ẹ bá wa níbẹ̀ o." Ìyá kò ní dé. Tó bá sì dé, ìgbà tí àlùfáà bá ń súre ìkẹyìn ló máa dé. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ sì dáhùn nínú ọkàn yín: ọdún wo ni ìyàwó yín gbọ́ ìwàásù Kérésìmesì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kẹ́yìn?

Ìyá kan sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ, ilé ìdáná ni òun ti máa ń gbọ́ orin Kérésì, nítorí pé ilé àwọn kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun á máa bá wọn gbè é nídìí ààrò. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Àìbínú rẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Màríà ló bí Jésù, a wá ń ṣe ọjọ́ ìbí Jésù, a fi àwọn ìyá sí ẹ̀yìn ilé!

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe kò le. Ẹ jẹ́ kí ẹran di dídín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, kí bàbá àtàwọn ọmọkùnrin pa adìẹ kí wọ́n sì tu ìyẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ 25, kí gbogbo ilé jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò bá lè dúró kí oúnjẹ jinná lẹ́yìn ìsìn, kó mu ẹ̀kọ kó tó jáde. Tí a bá dé, kí àwọn ọmọkùnrin bó iṣu, kí wọ́n gbé odó síta. Ọmọkùnrin tó lè gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, apá rẹ̀ ká ọmọ odó. Nílẹ̀ wa níbí, iṣẹ́ alágbára ni iyán gígún, àwọn baba wa kò sì sá fún un. Kí bàbá náà gbá ọmọ odó mú níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá rí i pé bàbá òun gúnyán fún ìyá òun lọ́jọ́ Kérésì, ó ti mọ irú ọkọ tí òun yóò fẹ́. Ọmọkùnrin tó rí i, òun náà ti mọ irú ọkọ tí òun yóò jẹ́.

Ọmọ tó sọnù nígbà ọdún

Mo ti dé ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí jù. Ìtàn kan ṣoṣo la ní nípa ìgbà ọmọdé Jésù lẹ́yìn tí wọ́n ti Íjíbítì dé, ìtàn ìrìn-àjò ọdún sì ni. Lúùkù sọ pé ọdọọdún ni àwọn òbí rẹ̀ máa ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, wọ́n lọ bí wọ́n ti máa ń lọ. Ọdún parí, gbogbo ẹbí gbéra, wọ́n ń bọ̀ wálé. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn. Jósẹ́fù àti Màríà kò mọ̀. Kí ni Lúùkù ní ó fà á? Wọ́n rò pé ó wà láàrin àwọn èrò. Wọ́n rin odindi ọjọ́ kan.

Wọ́n rò pé! Ẹ̀yin ènìyàn mi, òbí rere ni wọ́n. Ọdún Olúwa ni wọ́n lọ ṣe, wọn kò lọ sí ilé ọtí. Àárín àwọn ẹbí ni wọ́n wà, gbogbo èrò náà mọ ara wọn. Ibi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run bọ̀ ni ọmọ ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwa náà ń rò pé. A rò pé ọmọ wà nílé nítorí pé bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. A rò pé ó ń gbàdúrà nítorí pé ó di ojú nígbà tí a ń gbàdúrà. A rò pé ara rẹ̀ dá nítorí pé ó jẹun. Ọmọ dé láti yunifásítì, a bi í léèrè èsì ìdánwò, ó dáhùn, a ní "Ọlọ́run á fi kún ọgbọ́n rẹ." Ó wọ yàrá, ó gbé fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó padà. Ìrìn ọjọ́ mélòó ni a ó rìn kí a tó mọ̀ pé kò sí láàrin wa?

Àwọn baba wa ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Bàbá kan tí mo mọ̀ dáadáa ní ọmọkùnrin kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ yìí wálé fún ọdún, ó ní òun kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó sọ ọ́ lójú àwọn ẹbí. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá gbaná jẹ, wọ́n ní kí wọ́n lé e síta. Bàbá yìí kò bá wọn jà, kò sì bá ọmọ jà. Ní ọjọ́ 27, ó jí i ní ìdájí, ó ní, "Bá mi lọ wa iṣu." Wọ́n rìn dé oko, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wa iṣu lọ, oòrùn ti ń gòkè kí ọmọ tó la ẹnu. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tí àwọn jọ ń gbé yàrá kan ṣàìsàn, gbogbo ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ilé ẹ̀kọ́ gbààwẹ̀, òun náà gbà á, ọmọ náà kú. Ó ní látọjọ́ náà òun kò mọ ohun tí òun lè bá Ọlọ́run sọ. Oṣù mẹ́rin ló ti gbé e sínú, kò sí ẹni tó bi í.

Bàbá yìí kò wàásù fún un. Ohun tó béèrè ni pé, "Kí lorúkọ ìyá ọmọ náà? Ṣé ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀?" Wọ́n jókòó sórí ebè níbẹ̀, wọ́n pe ìyá náà, wọ́n kí i kú ọ̀fọ̀, wọ́n kí i kú ọdún. Ìyá náà sunkún, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ òun tó tíì pe òun. Ó wá ń súre fún ọmọ yìí lórí fóònù, ó ń súre, ó ń súre. Mi ò lè sọ fún yín pé gbogbo ìbéèrè ọmọ náà ti tán. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ 31, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí ìsìn àìsùn, kò sí ẹni tó fi ipá mú un. Ó sì ń pe bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi báyìí, láìjẹ́ pé ó ń béèrè owó.

Nígbà tí Jósẹ́fù àti Màríà mọ̀ pé ọmọ kò sí, wọ́n yí padà. Ọ̀nà tí wọ́n ti rìn kọjá ni wọ́n tún padà rìn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n rí i nínú tẹ́ḿpìlì, ó ń gbọ́ ti àwọn olùkọ́, ó sì ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Màríà sọ fún un pé bàbá rẹ̀ àti òun ti ń fi ìbànújẹ́ wá a kiri. Ẹ wò ó, ó fi bàbá ṣáájú nínú ẹni tó ń wá a. Jésù dá wọn lóhùn, Lúùkù sì ní ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn. Kò yé wọn! Síbẹ̀ ó bá wọn lọ sí Násárétì, ó ń tẹrí ba fún wọn. Bàbá lè má lóye gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ, ìyẹn kò ní kó má wá a.

Àwọn ọmọ tó ti ré kọjá òkun ńkọ́? Ó kù díẹ̀ kí gbogbo ilé ní Èkìtì ní ẹni tó wà ní London tàbí ní Kánádà. Nílé tiwa, a ti gbé àdúrà ìdílé ọjọ́ Kérésì sí aago mẹ́jọ alẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ níbí, aago méje ni ní London, aago méjì ọ̀sán ni ní Toronto. Gbogbo wọn ti jí, kò sí ẹni tó tíì sùn. A ó gbé fóònù sórí tábìlì, ẹni tó jìnnà jù ni yóò ka Bíbélì, ẹni tó kéré jù ni yóò gbàdúrà. Kì í pẹ́. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, a ó tún pè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti bàbá tèmi kún un. Àgbẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kejì Kérésì, á kó gbogbo wa, á máa mú wa kiri ilé àwọn ẹbí, láti agboolé dé agboolé. Tí a bá dé ibì kan, á ní, "Àbúrò ìyá mi rèé. Òun ló gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn." A ó dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, wọn á kì wá, a ó jẹ ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀, ì báà ṣe ẹyọ ẹran kan. Ilé àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ni a máa ń dé kẹ́yìn, a ó sì gbé oúnjẹ tí ìyá mi ti bò dání, bí àwọn náà ṣe ń gbé ẹran Iléyá wá fún wa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí mo jẹ́. Àwọn ọmọ wa lónìí ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní "bàbá yẹn." Ẹ mú wọn kiri. Ẹ lọ pẹ̀lú wọn, ẹ má rán wọn.

Lẹ́yìn àsè

Mo ti ń parí lọ. Àwọn ọmọ Jóòbù fẹ́ràn àsè. Olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀ tó ń gba àlejò, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn arábìnrin wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti wá bá wọn jẹ, láti wá bá wọn mu. Jóòbù kò fòfin de àsè náà. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ àsè bá ti pé yípo, á ránṣẹ́ sí wọn, á yà wọ́n sí mímọ́, á dìde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, á rú ẹbọ sísun gẹ́gẹ́ bí iye wọn. Ó ní bóyá wọ́n ti ṣẹ̀ nínú ọkàn wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Jóòbù ń ṣe nígbà gbogbo.

Gẹ́gẹ́ bí iye wọn! Kò gbàdúrà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn papọ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ní ilé tiwọn, síbẹ̀ bàbá wọn ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọdún bá ti kọjá, tí báńgà ti dákẹ́ ládùúgbò, tí àwọn ọmọ ń di ẹrù láti padà, ó rẹ bàbá, ó fẹ́ sùn. Ìgbà yẹn gan-an ni Jóòbù ń dìde. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọkọ̀ kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé e lórí. Kí ìyá rẹ̀ náà gbé ọwọ́ lé e. Tí kò bá sí àyè, ẹ ka Orin Dáfídì 121 fún un lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ mẹ́jọ péré ni. Ẹ dárúkọ rẹ̀, orúkọ tí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Mi ò ní in lọ́kàn kí ẹ kígbe.

Alága, mo ní àbá kan kí n tó jókòó. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù January, ní aago mẹ́fà àárọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Kí bàbá kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ìwé wá, títí kan èyí tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, títí kan ọmọ tí ó gbà tọ́. Kí ẹni tí Ọlọ́run kò tíì fún lọ́mọ kọ orúkọ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. A ó pe orúkọ wọ̀nyẹn níwájú Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò ní kánjú. Tí ẹ bá fara mọ́ ọn, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí a lè sọ fún àlùfáà. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ sí i, tàbí ìbéèrè lórí ohun tí mo ti sọ, kó dìde, ẹ̀yin ìyá náà, ẹ dìde.